Ṣé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà? Ìdáhùn lórí "conversation" àti "style"

Ìyá kan tí ó ń kọ́ àwọn obìnrin ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Ìgbógbó, níhìn-ín ní agbègbè Ìkòròdú, ni ó fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn ni mo fi sílẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ka Pétérù Kìíní orí 3 nínú Bíbélì òyìnbó àtijọ́, níbi tí ó ti ní kí àwọn aya fi 'conversation' wọn jèrè ọkọ wọn 'without the word'. Arábìnrin kan ní ohun tí ó ń sọ ni pé kí á máa bá ọkọ sọ̀rọ̀ títí yóò fi yí padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wá ràn wá lọ́wọ́ ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé 'con' ni ṣíṣe pàṣípààrọ̀, 'verse' sì ni ẹsẹ Bíbélì, nítorí náà ẹsẹ Bíbélì ni kí á máa kà fún wọn. Ó ní ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ gbé wá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ tòótọ́, pé àṣìlò ni gbogbo èyí tí ó kù. Mo délé, ọmọ mi obìnrin gbé àròkọ rẹ̀ wá, tísà ti kọ ọ́ sí i pé kò ní 'style'. Mo ní, ṣé aṣọ ni àròkọ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá ni ó ń pàṣẹ ohun tí ó túmọ̀ sí?"

Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Bí mo ṣe lóye rẹ̀, ohun tí ó ń jẹ yín lọ́kàn ju ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì lọ: ẹ kò fẹ́ fi àṣìṣe kọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, ẹ kò sì fẹ́ kí ọmọ yín máa ṣe ohun tí kò yé e. Ọ̀rọ̀ náà sì tó bẹ́ẹ̀, nítorí aya tí a bá kọ́ pé kí ó máa sọ̀rọ̀ sí ọkọ rẹ̀ létí láàárọ̀ lálẹ́ títí yóò fi gbà, ìjà ni yóò máa jẹ lóúnjẹ nínú ilé rẹ̀, yóò sì rò pé Ìwé Mímọ́ ni ó rán òun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Nínú ẹsẹ tí ẹ kà, "conversation" kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ rárá, ìwà ni. Arábìnrin yẹn ka ìtumọ̀ òde òní sínú ìwé àtijọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gbà pé ọ̀rọ̀ ní gbòǹgbò, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ó fa gbòǹgbò náà tu ní ìdàkudà, ìdájọ́ tí ó sì gbé lé e lórí tilẹ̀ burú ju fífà náà lọ.

Èdè Látìn ni "conversation" ti wá, láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe kan tí í ṣe "conversari". "Con" túmọ̀ sí "papọ̀", bíi "jọ" tiwa nínú "jọ gbé". Apá kejì wá láti inú "versare", èyí tí í ṣe yíyí síhìn-ín yíyí sọ́hùn-ún. Ẹni tí ẹ jọ ń yí nínú ilé kan náà, tí ẹ jọ ń jí, tí ẹ jọ ń wọlé, tí ẹ jọ ń jáde, òun ni ẹ ń bá ṣe "conversari". Ẹnu kò sí nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ àti ojú ayé ni ó wà níbẹ̀. Inú èdè Faransé ni ó gbà wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún 14, ohun tí ó sì kọ́kọ́ jẹ́ fún wọn ni gbígbé láàrin àwọn ènìyàn àti ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà hùwà láàrin wọn, ohun tí àwa ń pè ní ìrìnsí àti ìṣesí. Nígbà tí Bíbélì ọba James jáde ní 1611, ìtumọ̀ yìí ṣì wà láàyè dáadáa. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà nínú ẹsẹ náà ni "anastrophe", yíyí sì wà nínú òun náà. Bí ẹnì kan ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin àwọn ẹlòmíràn ni ó ń sọ. Àwọn atúmọ̀ fi "conversation" dí i, kò sì sí ẹni tí ó ṣì wọ́n gbọ́ nígbà náà. Ẹ ṣí Hébérù 13:5 nínú Bíbélì kan náà, ẹ ó rí i pé ó ní kí "conversation" wa wà láìsí ojúkòkòrò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni, a jẹ́ pé ènìyàn lè máa ṣe ojúkòkòrò níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sọ ọ́ jáde.

Bíbélì Yorùbá wa kò tilẹ̀ jẹ́ kí ìdàrúdàpọ̀ yìí wáyé. Ẹ ṣí i ní ẹsẹ náà, "ìwà" ni ẹ ó bá níbẹ̀: kí a jèrè ọkọ nípa ìwà aya, láìsọ ọ̀rọ̀. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí pé Àjàyí Crowther, tí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, gbé etí òkun tiwa yìí, ní Àgbádárìgì, ní 1845, kí ó tó kọjá sí Abẹ́òkúta ní 1846. Ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì wá ń fi ṣì wá lọ́nà lónìí, ó hàn gbangba nínú èdè ìyá wa.

Bí wọ́n bá ní kí n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo dí "conversation" ti ayé àtijọ́, "ìbálò" ni n ó mú. Bí ènìyàn ṣe ń bá ará ilé àti aládùúgbò lò ni ìbálò rẹ̀. Bí ẹ bá sì so "pọ̀" mọ́ ọn, ó di ìbálòpọ̀, tí a kì í sọ ní gbangba. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tọ ọ̀nà yìí gan-an. "Conversation" di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bo ìbálòpọ̀ mọ́lẹ̀, débi pé ẹjọ́ kan wà ní ilé ẹjọ́ wọn tí ń jẹ́ "criminal conversation", èyí tí ọkọ fi ń pe ọkùnrin tí ó bá aya rẹ̀ ṣe panṣágà láti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 1857 ni òfin tó fòpin sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. "Intercourse" náà, káràkátà àti lílọ-bíbọ̀ láàrin ìlú sí ìlú ni ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ó tó di ohun tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbọ́ lónìí tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Báwo wá ni "conversation" ṣe di ọ̀rọ̀ ẹnu? Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Láti ìdajì kejì ọ̀rúndún 16 ni àwọn ènìyàn ti ń lò ó fún ọ̀rọ̀ tí a ń bá ara wa sọ. Ìtumọ̀ méjèèjì jọ gbé pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni ti àtijọ́ kú díẹ̀díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹnu sì jogún ilé.

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀dọ́mọkùnrin yín lóhùn lórí "verse", nítorí kò jìnnà sí òótọ́ tó bí ẹ ṣe lè rò. Lóòótọ́ ni "verse" bá "conversation" tan. Inú yíyí kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a yí. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Róòmù máa ń fi màlúù fa ohun ìtúlẹ̀ láti ìpẹ̀kun oko kan dé ìkejì. Bí ó bá dé òpin, yóò yí padà, yóò tún bẹ̀rẹ̀ ìlà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó tú sílẹ̀. Yíyí yẹn ni "versus", wọ́n sì ń fi orúkọ náà pe ìlà tí wọ́n tú. Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́yìn ebè ní ìrọ̀lẹ́, tí ó wo bí poro ṣe tò lọ ní ìlà ní ìlà, yóò mọ ìdí tí wọ́n fi fi orúkọ yìí pe ìlà ewì, tí ó fi tún wá di ẹsẹ Bíbélì. "Prose" náà wà nínú ẹbí yìí, nítorí inú "prorsus" ni ó ti wá, èyí tí í ṣe ohun tí ó kọjú síwájú tí ó ń lọ tààrà. Ọ̀rọ̀ tí kò ní poro tí yóò yí sí. Nítorí náà ọmọ ìyá ni "conversation", "verse" àti "prose", ṣùgbọ́n Táyé kì í ṣe Kẹ́hìndé. Pé ọ̀rọ̀ méjì bá ara wọn tan kò sọ ọ̀kan di èkejì, "con" kò sì fìgbà kan rí jẹ́ pàṣípààrọ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ni ìdájọ́ tí ó ṣe, pé ìtumọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ìtumọ̀ tòótọ́. Òun kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orúkọ tí òyìnbó fún ẹ̀kọ́ yìí gan-an, "etymology", wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tí ó jẹ mọ́ òtítọ́, nítorí àwọn ará àtijọ́ gbà pé bí a bá wá ìdí ọ̀rọ̀ kàn, a ti rí òtítọ́ nípa ohun tí ó ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ dán ìgbàgbọ́ yẹn wò. "Nice" wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn kan tí ó túmọ̀ sí aláìmọ̀kan, òmùgọ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fi pè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. "Silly" ní tirẹ̀, ẹni ìbùkún ni ó ń jẹ́ nígbà àtijọ́. Bí ìpilẹ̀ṣẹ̀ bá ni òtítọ́, èébú ni a ń bú ẹni tí a bá pè ní "nice", a sì ń súre fún ẹni tí a pè ní "silly". Tàbí kí á tilẹ̀ má lọ jìnnà. Àwọn àgbà wa ń sọ pé oko odú ni Ìkòròdú ti gba orúkọ rẹ̀. Ní Àgbádárìgì wọ́n ní oko àgbẹ̀ kan ni orúkọ ìlú náà jẹ́ ní èdè Ègùn. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Sábọ̀ lónìí tí ó ń wá odú tí yóò já, kò ní rí nǹkan kan já, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé a ń ṣi orúkọ ìlú wa lò. Àlàáfíà tí a gbà láti inú èdè Lárúbáwá, ìlera ni ó jẹ́ níbẹ̀. A ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀ bí a bá ní ara ẹnì kan kò ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n a ti fẹ̀ ẹ́ dé ibi tí ogun kò sí. Àwa tí a ń sọ ọ́ ni a fẹ̀ ẹ́, a sì ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi náà ti jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí rí, ó sì dùn mí títí di òní. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo ní kí kíláàsì mi kọ "dialogue". Ọmọkùnrin kan kọ ọ̀rọ̀ ènìyàn mẹ́ta: ìyá, ọmọ àti oníbàárà ní etí ọ̀sà, ó sì dára púpọ̀. Mo gé máàkì rẹ̀, mo ní "di" ni méjì, nítorí náà ènìyàn méjì péré ni ó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Olùkọ́ àgbà kan ni ó mú ìwé atúmọ̀ èdè wá tí ó fi hàn mí pé "dia" ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe "di". Ọ̀rọ̀ tí ó ń la àárín àwọn ènìyàn kọjá ni, wọn ìbáà jẹ́ mẹ́wàá. Mo dá máàkì ọmọ náà padà lójú gbogbo kíláàsì. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ jẹ́ adájọ́ mọ́. Ẹlẹ́rìí ni mo máa ń pè é, n ó sì tún yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò.

Ẹlẹ́rìí rere ni lóòótọ́, tí a bá bi í ní ohun tí ó mọ̀. Ó lè sọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń rí ọ̀rọ̀ sísọ ní ìgbà kan. "Tell", fún àpẹẹrẹ, jẹ́ kíkà bí a ti ń ka owó kí ó tó jẹ́ sísọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ń ka owó ní báǹkì fi ń jẹ́ "teller", bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe ń ka owó tí a sì ń ka ìwé. Pálọ̀ tí a ń gba àlejò sí wá láti inú "parler", ọ̀rọ̀ Faransé fún sísọ̀rọ̀. Yàrá tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ sísọ ni ó jẹ́ ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn. "Gossip" tí ẹ máa ń kìlọ̀ fún àwọn obìnrin yín nípa rẹ̀, bàbá tàbí ìyá ìsàmì ọmọ ni ó ń jẹ́. Lẹ́yìn náà ó di àwọn ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ tí wọ́n péjọ sí ìdí obìnrin tí ń rọbí, ó di ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kiri, nígbà tí ó sì yá ó di òfófó fúnra rẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn obìnrin yín gbọ́ ìtàn yẹn, nítorí ó fi hàn pé àwọn tí ó sún mọ́ wa jù ni ọ̀rọ̀ wa máa ń ti ẹnu wọn jáde.

Ó wá ku "style", èyí tí ó wù mí láti sọ jù. Ẹ fojú inú wo ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ti irin tàbí ti egungun, tí kò gùn ju ohun tí a fi ń kọ̀wé lónìí lọ púpọ̀. Orí rẹ̀ kan mú ṣóńṣó. Ìdí kejì tẹ́ pẹrẹsẹ bí etí ṣíbí. Ẹni tí ó fẹ́ kọ̀wé ní Róòmù yóò mú pátákó tí a da ìda oyin sí lójú, yóò fi orí ṣóńṣó ha ọ̀rọ̀ sára ìda náà. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, kò ní wá ohun ìpawérẹ́. Yóò yí ọ̀pá náà padà, yóò fi ìdí pẹrẹsẹ tẹ́ ìda náà títí yóò fi dán, yóò sì tún kọ. Ẹni tí ó bá ti rí ọmọ ilé kéwú tí ń fi omi fọ tàdáwà kúrò lójú wàláà láti kọ ẹ̀kọ́ mìíràn mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá yẹn ni wọ́n ń pè ní "stilus". Láti orí gègé, orúkọ náà bọ́ sí ohun tí gègé kọ, ó sì di ọ̀nà tí ẹnì kan ń gbà kọ̀wé, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń rí ìwé tí a ń sọ pé ọwọ́ lágbájá nìyí. Àwọn akọ̀wé kan ṣì í mọ́ "stylos" ti Gíríìkì, tí í ṣe òpó, ibẹ̀ ni lẹ́tà "y" ti wọ inú rẹ̀. Kò sí òpó kankan nínú ìtàn náà. Ọ̀bẹ ṣóńṣó àwọn ará Ítálì, "stiletto", tí bàtà gogoro àwọn obìnrin gba orúkọ rẹ̀, gbòǹgbò kan náà ni.

Nítorí náà, ìyá wa, ìwé kíkọ ni ó kọ́kọ́ ni "style". Àwọn aránṣọ ni ó yá a. Láti ìwé ni ó ti dé orí ọ̀rọ̀ sísọ, ó dé orí ìṣesí, ó wá dé inú álíbọ́ọ̀mù sítáì tí télọ̀ ń gbé lé yín lọ́wọ́ kí ó tó wọ̀n yín. Kí ẹ má sì tìtorí èyí sọ pé télọ̀ ń ṣi ọ̀rọ̀ lò, nítorí a ó padà sínú àṣìṣe tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni.

Ohun tí tísà ọmọ yín kọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Ọmọ tí a bá sọ fún pé kò ní "style", tí a kò fi ibi tí ó ti kù díẹ̀ hàn án, gírámà ni yóò lọ kó wá. Mo ti rí i nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àròkọ: ọmọ yóò fẹ́ sọ pé òjò rọ̀ nígbà tí àwọn ń lọ sí oko, yóò wá kó ọ̀rọ̀ gbàǹgbà-gbàǹgbà mẹ́fà lé òjò náà lórí títí òjò kò fi ní rọ̀ mọ́. Inú "grammar" ni "glamour" ti jáde, láti ẹnu àwọn ará Scotland. Àwọn mẹ̀kúnnù tí kò kàwé gbà pé ẹni tí ó mọ ìwé mọ idán, nítorí náà "glamour" jẹ́ oògùn ìsújú kí ó tó di ẹwà tí ń dán. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé kí ó má fi gírámà sú wa lójú. Kí ó ka àròkọ náà sókè sí etí yín. Ibi tí èémí rẹ̀ bá ti há, tàbí tí ẹ̀yin bá ti ní kí ó tún un sọ, kí ó fa ìlà sí i, kí ó sì kọ ọ́ bí ìgbà tí ó ń ròyìn rẹ̀ fún yín ní ilé ìdáná. Èyí kò ní sọ ọ́ di ọ̀gá lọ́jọ́ kan. Kò sí ìtàn ọ̀rọ̀ kankan tí ó lè fún ènìyàn ní ọwọ́ ìkọ̀wé, kíkọ àti títún kọ nìkan ni ó ń fún ni.

Ní ti kíláàsì yín, ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí. Ẹ lè fi Bíbélì òyìnbó àtijọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa ka ti Yorùbá nìkan. Ó rọrùn jù, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ yín tí wọ́n ń ka ti òyìnbó nílé yóò tún kọlu ọ̀rọ̀ náà, ẹ kò sì ní sí níbẹ̀. Ẹ lè mú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì òde òní, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ "behaviour" tàbí "conduct" sí ẹsẹ náà. Ó yé ni, àmọ́ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti há ti àtijọ́ sórí kì í fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí èmi yóò ṣe ni kí n gbé ti àtijọ́ àti ti Yorùbá kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n ka ẹsẹ náà nínú àwọn méjèèjì, kí n sì sọ ìtàn "conversation" ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó gba àkókò, ó sì gba pé kí ẹni tí ń kọ́ni ti múra sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà: ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ni mo lè sọ. Bí aya ṣe yẹ kí ó ṣe pẹ̀lú ọkọ tí ó le koko, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ tàbí kí ó wá ìrànlọ́wọ́, ìwé atúmọ̀ èdè kò lè pinnu rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a fi ẹsẹ yìí pa ẹni tí wọ́n ń lù nílé lẹ́nu mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ẹ má dójú tì í. Ẹni tí ó ń wá ìdí ọ̀rọ̀ ti ń ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Ẹ yá a ní ìwé atúmọ̀ èdè tí ó tóbi, kí ó wo "nice" fúnra rẹ̀. Ẹ sì sọ fún un pé nínú Oxford English Dictionary ńlá, èyí tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1884 tí wọ́n sì parí ní 1928, ìtumọ̀ tí ó dàgbà jù ni wọ́n sábà máa ń tò ṣíwájú, kì í ṣe èyí tí ó tọ̀nà jù. Bí ọmọ yín bá sì ti tún àròkọ rẹ̀ kọ, ẹ fi ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀ẹ̀kejì ránṣẹ́ sí mi papọ̀. N ó kà wọ́n, n ó sì fàmì sí gbogbo ibi tí ó ti yí gègé rẹ̀ padà.